Wáyà Tí Ó Ń Já Ní Ìgbà Àdúrà

Obìnrin náà wà lórí àkàbà, ó fi èjìká ti ògiri, ó ń fi ọ̀bẹ kékeré ha ìpẹtà kúrò lára bàbà. Aago mẹ́jọ àárọ̀ kò tíì lù. Àpótí ike tí wáyà tẹlifóònù gbà wọ ilé náà wà lábẹ́ etí òrùlé. Omi òjò ti rí ihò wọ inú rẹ̀, bàbà tí ó yẹ kí ó máa dán sì ti di àwọ̀ ewé bí ojú omi tí kò ṣàn. Ó gé ibi tí ó bàjẹ́ sọnù, kò gé ju bí ó ti yẹ lọ, ó bó awọ wáyà, ó sì tún orí wọn so pọ̀.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni ó di àkàbà mú nísàlẹ̀. Iṣẹ́ búrẹ́dì ni ó ń ṣe. Kò tíì ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí ó ti ibi iṣẹ́ dé, ìyẹ̀fun ṣì wà nínú irun apá rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ti tán?"

"Ṣé mo ti sọ̀kalẹ̀ ni?"

"Mo kàn béèrè ni."

"Di àkàbà mú. Ẹnu kọ́ ni wọ́n fi ń dì í."

Ó ti pé ọdún mọ́kànlélógún tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ wáyà tẹlifóònù, gbogbo ẹbí, títí kan ìyá tí ó bí i, sì ń pè é ní Àǹtí Wáyà. Ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ni ọjọ́ yìí. Àbúrò rẹ̀ ti fi ẹjọ́ sun ilé-iṣẹ́ tí ó ni wáyà, wọ́n ní ó di ọjọ́ kẹsàn-án kí àwọn tó rí ẹni rán wá. Ọjọ́ kẹsàn-án kò wúlò fún ẹnikẹ́ni nínú ilé náà. Aago méjì ọ̀sán òní ni ìyàwó àbúrò rẹ̀ máa jókòó síwájú àwọn olùdánwò mẹ́ta.

Olùrànlọ́wọ́ ní ilé ìwòsàn ni Ìyàwó, bí gbogbo ilé ti ń pè é. Ọdún mẹ́fà ni ó fi kẹ́kọ̀ọ́ nínú ilé, tí wọ́n ń fi ìwé ránṣẹ́ sí i tí òun náà ń fi èsì ránṣẹ́ padà, lórí bí a ṣe ń kọ́ àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn láti tún máa sọ̀rọ̀. Ó ti yege nínú gbogbo èyí tí a ń kọ sílẹ̀. Ó ku ti ẹnu, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọn yóò sì ti ṣe é, ojú kojú, nínú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìwé tí wọ́n kọ sí i kò fi epo bọ iyọ̀: bí ìlà bá já ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, ìdánwò ti bàjẹ́, ó di ọdún tí ń bọ̀. Ilé ìwòsàn náà ti sọ tiwọn. Àyè iṣẹ́ tí wọ́n fi pamọ́ dè é kò ní kọjá òpin oṣù yìí kí wọ́n tó fi ẹlòmíràn sí i.

Ìlà ilé náà sì ń já ní ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún lójúmọ́. Nígbà tí kò bá já, ó ń wọ́ bí ìgbín.

Àǹtí Wáyà sọ̀kalẹ̀, ó nu ọwọ́, ó wọlé lọ wo módẹ̀mù, ẹ̀rọ tí íńtánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọ ilé. Yàrá kékeré tí Ìyàwó ti ń kàwé ni ó wà, lórí kọ́bọ́ọ̀dù, lórí agolo búrẹ́dì kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀.

"Kí ni èyí?"

"Mo gbé e ga kó lè máa rí afẹ́fẹ́ gbà dáadáa ni," ni àbúrò rẹ̀ wí.

"Inú ògiri ni èyí ń gbà wọlé, kì í ṣe ojú ọ̀run. O lè kì í sínú bàtà, kò ní mọ̀." Ó gbé agolo náà fún un. "Nígbà tó bá já, kí lẹ máa ń ṣe?"

"Mo máa ń pa á, màá tún tàn án."

Ìyàwó gbójú sókè nídìí ìwé rẹ̀. "Ìwọ náà? Èmi náà máa ń pa á."

Ohùn ìyá wọn dún láti yàrá tí ó wà lópin ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Èmi náà máa ń pa á fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kó lè sinmi."

Kò sí ẹni tí ó ti sọ fún ẹnì kejì. Àǹtí Wáyà mí kanlẹ̀. Ó ṣàlàyé fún wọn pé ní ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, ẹ̀rọ kan wà tí ń ṣọ́ gbogbo ìlà. Bí ó bá rí èyí tí ń kú tí ń jí, á gbà pé aláìsàn ni, á sì dín eré rẹ̀ kù kí ó má baà ṣubú. "Aláìsàn lẹ ní. Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá ń là á lórí lójoojúmọ́, ẹ̀ ń bú u pé kì í sáré. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tó bá fọwọ́ kan bọ́tìnnì yẹn, èmi àti onítọ̀hún ni."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rù ń bà mí," ni oníbúrẹ́dì wí.

"Ó yẹ kó bà ọ́."

Ó fi wáyà tuntun rọ́pò èyí tí ó so módẹ̀mù mọ́ ògiri. Kò ṣe nǹkan mìíràn. Bí ó ti máa ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: ohun kan lẹ́ẹ̀kan, kí a dúró, kí a wò, kí a kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá yí nǹkan mẹ́ta padà lẹ́ẹ̀kan náà, bí ó bá dára, kò ní mọ ohun tí ó tún un ṣe. Bí kò bá sì dára, ó ti fi àkókò rẹ̀ ṣòfò ní ìlọ́po mẹ́ta. Iná ara módẹ̀mù dúró ṣinṣin. Aago mẹ́sàn-án lù, kò já. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ kọjá, kò já. Oníbúrẹ́dì ní ó ti tán, kí òun lọ sùn díẹ̀. Àǹtí Wáyà ní kí ó lọ gbé ìwé àkọsílẹ̀ wá.

Ó ti sọ fún wọn lórí fóònù láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn pé kí wọ́n máa kọ ọ́ sínú ìwé kan: ìlà já ní aago báyìí, ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe nígbà náà nìyí. Bí oníbúrẹ́dì ti kọ tirẹ̀ rí bí ẹni tí oorun ń kùn. Ti Ìyàwó mọ́, ó ṣe ṣókí. Ti Màámi ni ó gún régé jù lọ. Ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kí ó tó fẹ̀yìn tì, kò sì tíì gbàgbé bí a ti ń fi rúlà fa ìlà. Lábẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní: aago mẹ́wàá kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó já, mo ń gbàdúrà. Aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó já, mo ń gbàdúrà. Aago mẹ́rin, ó já, àdúrà. Ọjọ́ kejì bákan náà. Ọjọ́ kẹta bákan náà.

Oníbúrẹ́dì kà á láti ẹ̀yìn èjìká ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ wò ó, ìlà àdúrà Màámi yá ju íńtánẹ́ẹ̀tì lọ. Tiwọn bá wọlé, tiwa á já."

"Máa rẹ́rìn-ín," ni ìyá rẹ̀ wí láti inú yàrá. "Àdúrà yẹn ló ń gbé ẹ lójú ọ̀nà."

Àǹtí Wáyà kò rẹ́rìn-ín. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀: mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Wáyà kò mọ àdúrà, kò sì mọ èébú. Ohun tí ó bá já ní àkókò kan náà fún ọjọ́ mẹ́ta, ọwọ́ kan ni ó ń já a.

"Jókòó síwájú módẹ̀mù," ó sọ fún àbúrò rẹ̀. "Bí iná yẹn bá kú, pè mí láti ojú fèrèsé."

Ó tún gun àkàbà. Ó mú fóònù kékeré tí àwọn oníwáyà fi ń gbọ́ ariwo orí ìlà jáde nínú àpò rẹ̀, èyí tí ó ní eyín méjì tí a fi ń gé wáyà jẹ, ó dì í lọ́wọ́, kò tíì fi kan ohunkóhun. Oòrùn ti ń mú. Aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn ń mì díẹ̀díẹ̀. Ó dúró.

"Ó ti já," ni ohùn wí láti ojú fèrèsé.

Ó fi eyín méjèèjì gé bàbà jẹ, ó sì gbé e sétí láti gbọ́ irú ariwo tí ó wà lórí ìlà.

"Má dá mi lóhùn bí ọmọdé," ni ohùn ìyá rẹ̀ wí nínú etí rẹ̀, kedere, pẹ̀lú ariwo bí omi tí ń hó lẹ́yìn rẹ̀. "Ṣé o ti lo oògùn ẹsẹ̀ yẹn àbí o ò tíì lò ó?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, màá lò ó…"

Ó yọ eyín méjèèjì kúrò. Ọwọ́ rẹ̀ ti yọ ọ́ kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀, ṣùgbọ́n ó ti dá ohùn kejì mọ̀ ná.

Àbúrò Màámi ni. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, àwọn obìnrin méjèèjì jà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá wọn, èyí tí àbúrò gbé fún aládùúgbò kan láìbi ẹ̀gbọ́n léèrè. Màámi sọ níwájú gbogbo ẹbí pé kò sí ọ̀rọ̀ mọ́ láàárín òun àti ẹni yẹn. Láti ọjọ́ náà, "ẹni yẹn" ni orúkọ rẹ̀ nínú ilé. Kò sí ẹni tí ó jẹ́ pè é mọ́ bí Màámi bá wà nítòsí.

Àǹtí Wáyà ká fóònù náà, ó fi í sápò. Ilé ni òun náà ti kọ́ iṣẹ́ rẹ̀, inú ẹ̀kọ́ tí ń bọ̀ nínú àpòòwé lóṣooṣù, òfin kan sì wà ní ẹ̀kọ́ kejì tí ó há sórí kí ó tó mọ bí wọ́n ti ń bó wáyà: ohun tí oníwáyà bá ṣèèṣì gbọ́ lórí ìlà, kò gbọ́ ọ. Kò ní sọ ọ́, kò ní fi rẹ́rìn-ín, kò ní fi gbani nímọ̀ràn. Ọdún mọ́kànlélógún, kò tíì rú u lẹ́ẹ̀kan. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé àyàfi bí ó bá jẹ́ ìyá rẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ gbọ́?"

"Nǹkan wà lórí wáyà," ó dáhùn.

Ohun tí etí gbọ́ kò ṣeé sọ, ṣùgbọ́n ohun tí mítà, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn wáyà, bá kà, ti gbogbo ayé ni. Ó tú ìdérí ìsàlẹ̀ àpótí náà. Wáyà méjì ni ó ti ibẹ̀ wọ inú ilé. Ọ̀kan lọ sí yàrá ìkàwé. Èkejì wọ inú ògiri lọ.

"Níbo ni èyí ń lọ?"

"Òkú wáyà ni. Ẹni tó ta ilé fún wa ló fi sílẹ̀ síbẹ̀."

"Ta ló sọ fún ẹ pé ó ti kú?"

"Kò sí tẹlifóònù nídìí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń lo tẹlifóònù orí tábìlì mọ́, Ẹ̀gbọ́n. Gbogbo wa la ní fóònù lápò."

Ó fi mítà kan wáyà kejì. Ó ní kí ó wá wo nọ́ńbà tí ó wà lójú rẹ̀. "Bí kò bá sí nǹkan nídìí rẹ̀, nọ́ńbà yìí kò ní mira. Ó mira. Tẹlifóònù kan wà nínú ilé yín tó so mọ́ wáyà yìí, láìní fíltà."

Fíltà, ó ṣàlàyé, ni àpótí kékeré tí kò ju ìka méjì lọ, tí í ṣe asẹ́: ó ń ya ohùn ènìyàn sí ọ̀tọ̀, ó ń ya íńtánẹ́ẹ̀tì sí ọ̀tọ̀, nítorí wáyà kan náà ni àwọn méjèèjì ń rìn. Níbi tí tẹlifóònù kò bá ti ní fíltà, bí ẹnì kan bá gbé e tàbí bí ó bá dún, gbogbo ariwo rẹ̀ á ya lu íńtánẹ́ẹ̀tì, á sì gbé e ṣubú.

Oníbúrẹ́dì bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Oorun ti dá lójú rẹ̀. Ó ká kápẹ́ẹ̀tì, ó ti àga, ó fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀yìn ààrò. Ó kan ilẹ̀kùn ìyá rẹ̀.

"Màámi, ẹ jẹ́ kí n wo ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù yín."

"Mo ń gbàdúrà."

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á tán ni."

"Ṣé wọ́n ń fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n ni?"

Ó padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì. Àǹtí Wáyà ń kọ nọ́ńbà tí mítà kà sínú ìwé.

Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Ìyàwó ń fi ojú kojú bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan dánra wò lórí kọ̀ǹpútà. Ó ń ṣàlàyé bí a ti ń fi orin fa ọ̀rọ̀ yọ lẹ́nu ẹni tí kò lè pe orúkọ ara rẹ̀. Ó dé àárín gbólóhùn, àwòrán ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dì bí òkúta. Iná ara módẹ̀mù ti kú. Kì í ṣe àkókò àdúrà kankan tí ó wà nínú ìwé. Ìyàwó kó ìwé rẹ̀ jọ, ó fi wọ́n lu tábìlì kí etí wọn lè dọ́gba.

"Àǹtí, ẹ ti gbìyànjú. Ẹ jẹ́ kí n lọ wá ibòmíràn."

"Ibòmíràn wo? Ṣé ilé kọfí ni wọ́n ń pè ní yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀?"

"Tí mo bá dúró síbí, ó di ọdún tó ń bọ̀. Mi ò lè tún fi ọdún kan nu ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn aláìsàn, kí n máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń wá ọ̀rọ̀ tí n ò láṣẹ láti bá wọn wá." Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ó ń ka nọ́ńbà.

"Aago méjì kò tíì lù," ni Àǹtí Wáyà wí. "Jókòó. Ibi tí o bá ìwé dé, máa kà á lọ."

Ó mú púláyà. Ó lè gun àkàbà báyìí, kí ó gé wáyà kejì ní ìdí, ìṣẹ́jú márùn-ún, íńtánẹ́ẹ̀tì á sì dúró bí igi. Kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè. Òkú wáyà ni wọ́n ń pè é. Ó di púláyà náà mú, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀, ó kan ilẹ̀kùn, ó wọlé, ó sì tì í padà.

Màámi jókòó létí ibùsùn, ó fi ọwọ́ lé orúnkún méjèèjì. Ó wo púláyà.

"Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Mo wá sọ fún yín ni. Mo lè gé wáyà kan níta. Tí mo bá gé e, ìdánwò Ìyàwó á lọ ní àlàáfíà."

"Kí lo wá ń dúró ṣe?"

"Ohun tó wà nídìí wáyà náà kò ní ṣiṣẹ́ mọ́."

Láti yàrá kejì, wọ́n ń gbọ́ Ìyàwó tí ń ka ìwé sókè, tí ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè tí ó sì ń dáhùn. Ó tó ọdún mẹ́fà tí Màámi ti ń bi í ní ìbéèrè wọ̀nyẹn lálẹ́ Sátidé, tí ó ń fi pẹ́ńsù pupa máàkì rẹ̀.

"Gé e," ni Màámi wí.

"Ẹ rò ó dáadáa."

"Mo ti rò ó. Ọmọ yẹn ti ṣiṣẹ́ tó. Gé e, má bi mí ní nǹkan kan."

"Mi ò bi yín pé ta ni. Ibi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì wà ni mò ń bi yín."

Màámi gbójú sókè. "O ti gbọ́."

"Oníwáyà kì í gbọ́."

"Ṣé o gbọ́ àbí o ò gbọ́?"

"Màámi, mo fi ogún ọdún gbọ́ ohun tí mi ò gbọ́. Ẹ má dà á rú mọ́ mi lójú." Ó mú àpótí kékeré funfun kan jáde nínú àpò rẹ̀, ó gbé e sórí ibùsùn. "Fíltà nìyí. Ìdí tẹlifóònù ni wọ́n ń kì í sí, ibẹ̀ ni mo sì gbọ́dọ̀ dé. Wáyà yẹn dára. Bàbà inú rẹ̀ kò ní ìpẹtà kankan. Kí n wá gé wáyà tó dára sọnù, kí àgbàlagbà méjì padà sínú òdì, nítorí ike tó kéré báyìí? Mi ò lè ṣe irú ìfiṣòfò bẹ́ẹ̀. Kò sí nínú iṣẹ́ mi."

Màámi mú fíltà náà, ó yí i wò. "Orí fóònù àpò mi, àbúrò ẹ máa ń wo gbogbo nọ́ńbà tí mo bá pè, nígbà tó bá ń bá mi fi owó ìpè sí i. Mo rí ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì náà níjọ́ tí mò ń wá yẹtí mi tó bọ́. Tẹlifóònù àtijọ́ kan wà nínú àpótí mi tẹ́lẹ̀, mo bá kì í sí i." Ó na ìka sí kọ́bọ́ọ̀dù. "Ó máa ń hó bí omi tíì. Mo rò pé ọjọ́ orí ló ń dà á láàmú."

"Báwo ló ṣe já láìpẹ́ yìí? Kò sí nínú ìwé yín."

"Òun ló tún pè. Ó ní òun ti lo oògùn náà."

Àwọn méjèèjì ti kọ́bọ́ọ̀dù. Tẹlifóònù náà wà nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, dúdú, ó wúwo, wọ́n fi ìborùn bò ó mọ́lẹ̀ kí ó má baà dún jáde. Àǹtí Wáyà kúnlẹ̀, ó yọ ìdí rẹ̀, ó fi fíltà sáàárín, ó tún un kì. Ó gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Lẹ́yìn náà ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, nítorí ó fẹ́ máa rí módẹ̀mù, tí ó ti fà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ó sì máa rí tẹlifóònù lẹ́ẹ̀kan náà.

Oníbúrẹ́dì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ìyá rẹ̀, ó ń wo tẹlifóònù. "Inú ibí ló wà látàárọ̀?"

"Má béèrè," ni Àǹtí Wáyà wí. "Wo iná yẹn."

Ó fi fóònù àpò rẹ̀ pe tẹlifóònù náà. Ó dún. Iná módẹ̀mù kò mira. Ó pè é ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ku kí ẹnì kan fi sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó wí, nítorí dídún lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. Ó fẹ́ ní kí Ìyàwó gbé e. Ṣùgbọ́n aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, tẹlifóònù náà sì dún fúnra rẹ̀.

Ó dún lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá wọn wo àwọn ọmọ rẹ̀, ó wo Ìyàwó tí ó ti yọrí síta, ó na ọwọ́, ó sì gbé e.

"Èmi ni. Rárá, kò sí nǹkan." Ó dákẹ́. "Mo ní kò sí nǹkan. Gbogbo wọn ló dúró sórí mi níbí bí ẹni ń wo ìyàwó tuntun."

"Màámi, ta ni?" ni oníbúrẹ́dì béèrè.

"Àbúrò mi ni."

"Ẹni y…"

"Mo ní àbúrò mi." Ó kọjú sí ògiri. "Kì í ṣe ìwọ ni mò ń bá wí. Má tíì gbé e sílẹ̀, Àǹtí Wáyà ní ká sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mi ò mọ̀. Iṣẹ́ ni." Ó bo ẹnu fóònù. "Kí ni kí n sọ?"

"Ohunkóhun. Wáyà kì í ṣa ọ̀rọ̀."

Màámi ronú. Ọ̀gá ilé ìwé tí ó ti bá ẹgbẹ̀rún ọmọ sọ̀rọ̀ lórí ìlà àárọ̀ ń yí okùn fóònù mọ́ ìka bí ọmọ tí wọ́n bi ní ìbéèrè. Nígbà tí ó yá, ó ní, "Ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn. Ṣé ó ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà?" Ó gbọ́ èsì, ó mi orí. "Ó ní ó ń ṣiṣẹ́," ó sọ fún ilé. Lẹ́yìn náà sínú fóònù: "Ó dáa. Ohun tó bá ń ṣiṣẹ́ kò ṣòfò."

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá pé. Iná kò mira. Nígbà tí wọ́n fi di ìṣẹ́jú kẹtàdínlógún, Àǹtí Wáyà ní ó ti tó fún ìdánwò wáyà; Màámi ní ṣé òun ti sọ pé òun ti parí ni.

Àìsàn jíjá ti lọ, ó ku ìfàlẹ̀. Ó pe ọkùnrin tí ń ṣọ́ ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù.

"O mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́wàá ni ẹ̀rọ máa ń dúró kó tó gbé eré ìlà padà sókè," ni ọkùnrin náà wí.

"Mo mọ̀. Èmi ni mo kọ́ ẹ. Mo ti tún ojú ìso ṣe, mo ti fi fíltà sí tẹlifóònù, ìlà kò já láti aago méjìlá. Gbé e sókè báyìí."

"Tó bá tún ṣubú, orí mi ni wọ́n á gbé e lé."

"Sọ pé orí mi ni. Wọ́n mọ orí mi."

Ó gbọ́ bí ọkùnrin náà ti ń tẹ nǹkan. Iná módẹ̀mù kú fún ìṣẹ́jú kan, ó tún tàn. Ó wò ó lórí kọ̀ǹpútà Ìyàwó: ìlà tí ó ń rìn ní mẹ́gà kan ti di mẹ́gà mẹ́jọ.

Aago méjì ku ìṣẹ́jú márùn-ún, Ìyàwó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìkàwé nínú ẹ̀wù funfun tí ó ti fi irin lọ̀. Màámi ní, "Ṣé kí n yọ tẹlifóònù yẹn ná? Kí ọkàn wa lè balẹ̀?"

"Ẹ má yọ ọ́, Màámi," ni Ìyàwó wí. "Tí ẹ bá yọ ọ́, màá máa rò ó pé kò dúró. Ọkàn mi á wà ní ẹsẹ̀ wáyà, kò ní wà nídìí ìbéèrè."

Gbogbo wọn wo Àǹtí Wáyà. Ó wo ohun tí ó kọ sínú ìwé. "Mo ti dán an wò. Fi í sílẹ̀."

Ìyàwó ti ilẹ̀kùn. Àǹtí Wáyà gbé àpótí ìjókòó kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jókòó ti módẹ̀mù bí ẹni tí ń ṣọ́ ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Oníbúrẹ́dì fara ti ògiri. Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ohùn Ìyàwó ń bọ̀, kò yá, kò falẹ̀. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú.

Tẹlifóònù dún.

Oníbúrẹ́dì dì mọ́ férémù ilẹ̀kùn. Àǹtí Wáyà kò wo tẹlifóònù. Iná módẹ̀mù ni ó ń wò, iná náà sì ń wò ó, kò ṣẹ́jú. Màámi ti gbé e kí ó tó dún lẹ́ẹ̀kejì. "Ó wà lẹ́nu rẹ̀ báyìí," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Láti aago méjì ni mo ní kóo fún mi ní wákàtí kan. O ò tíì mọ sùúrù." Kò gbé e sílẹ̀. Òun àti àbúrò rẹ̀ dákẹ́ lórí ìlà, wọ́n jọ ń dúró.

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ohùn Ìyàwó kò dá.

Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlá, ilẹ̀kùn ṣí. Ìyàwó dúró, ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú lẹ́yìn ara rẹ̀.

"Wọ́n ní mo ti yege. Wọ́n ní ìwé á tẹ̀ lé e."

Ọkọ rẹ̀ gbé e nílẹ̀. Màámi sọ ọ́ sínú tẹlifóònù lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ẹni tó wà lọ́hùn-ún ní kí ó tún un sọ. Ìyàwó yí ọrùn wá Àǹtí Wáyà, ṣùgbọ́n Àǹtí Wáyà ti wà lójúde. Ó ti gun àkàbà, ó ń fi ìdérí bo àpótí ike náà, ó fi ọ̀dà dí ihò tí òjò gbà wọ inú rẹ̀. Ó ṣa àjákù wáyà ilẹ̀ sínú àpò, kò fi ọ̀kan sílẹ̀.

"Àǹtí, ẹ ò tíì jẹun láti àárọ̀," ni Ìyàwó pè é láti ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ fi tèmi pamọ́. Ẹnì kan ní òpópónà kejì ń retí mi kí ó tó di aago mẹ́rin." Ó gbé àkàbà lé èjìká. "O ṣe é. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa módẹ̀mù yẹn."

Ó ti àkàbà sórí ọkọ̀, ó so ó ní iwájú, ó so ó ní ẹ̀yìn, ó fà á wò bóyá ó le. Ó le. Ó wọ inú ọkọ̀, ó sì lọ.